Bàbá Tó Ń Rìnrìn Àjò Nínú Pálọ̀

Aládùúgbò kan ló yọjú sí pálọ̀ káfíńtà láàárọ̀ Sátidé, ó sì bá gbogbo ìdílé lórí àga tí wọ́n tò ní méjì-méjì. Màmá gbé àpò lé itan, àwọn ọmọ gbá ẹrù mọ́ àyà. Bàbá fúnra rẹ̀ wà níwájú, ó di ọmọrí ìkòkò mú, ó ń yí i bí ẹni tó ń wakọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bàbá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ má bínú, ọ̀rẹ́ mi. A ò sí nílé. Ẹ padà wá lọ́la."

Aládùúgbò náà tọrọ àforíjì, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Ṣé-Ẹ-Ti-Ṣetán nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ayé ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Kì í kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn láìkọ́kọ́ gbé e sójú rẹ̀ wò, ó sì ní bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n dán ìrìn àjò wò. Ẹnu máa ń ya àkọ́bí rẹ̀, tó padà di nọ́ọ̀sì, torí kò sí ohun tí Bàbá ò rò tẹ́lẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ mi àga kó lè dà bí ọ̀nà gbágungbàgun. Nígbà kan, ó ní kí àbúrò nọ́ọ̀sì ṣe bí ẹni tí èébì ń gbé. Ọmọ náà fi gbogbo ọkàn ṣe é, ó sì bì sí bàtà Bàbá ní tòótọ́.

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i? Ká ní ojú ọ̀nà la wà ńkọ́!"

Àmọ́ wọn kì í kúrò ní pálọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin ni wọ́n fẹ́ lọ, ọ̀nà sì jìn. Ojú ẹ̀gbọ́n náà ti ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, Màmá sì fẹ́ kó rí òun kó tó fọ́ tán. Bí wọ́n bá ti dán an wò tán, Bàbá á ní, "Ó ku díẹ̀. Bí táyà bá jò ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan, Màmá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo rárá. "Bàbá àwọn ọmọ mi, bí a bá ṣetán tí ẹ̀gbọ́n mi ò ríran mọ́ ńkọ́?"

Bàbá gbé ọmọrí ìkòkò sílẹ̀. "Ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà mí," ló sọ. "Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ó dìde, ó wọ bàtà. Wọ́n lọ.

Táyà ọkọ̀ èrò tí wọ́n wọ̀ sì jò lóòótọ́. Kí dẹ́rẹ́bà tó gbá orí mú, Bàbá ti yọ jáákì, omi àti agboòrùn fún àwọn èrò tí kò mọ̀ rí.

"Bàbá, ṣé mẹkáníìkì ni yín?"

"Rárá o. Táyà yìí ti jò lójú mi nílé láìmọye ìgbà ni."

Dẹ́rẹ́bà rọra sún sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n fa Màmá lọ sẹ́nu fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú àbúrò rẹ̀ mú, ó wò ó, ó wò ó. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, ó ń sunkún ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹkún nìkan ni kò dán wò nílé.

Nígbà tí Bàbá kú, tẹbí-tọ̀rẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Màmá wà níbẹ̀. Kò ríran mọ́ rárá, wọ́n fà á lọ́wọ́ wọlé ni.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àmọ́ ojú àbúrò mi ni mo rí dáadáa kẹ́yìn láyé yìí. Àna mi ló gbé e wá fún mi."

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti funfun báláú. Lójú ẹ̀gbọ́n Màmá, Màmá ò tíì hu ewú kan ṣoṣo.