Ẹ̀kọ́ Tèmi Tí Wọ́n Pè Mí Wá Kọ́ ní Òsi

Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ tísà ni wọ́n rán lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tọ́ sí mi ní Ìlọrin, wọ́n wá ní kí n lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní Òsi.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mo kúrò ní Odò-Ọwá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọlọ́kadà ní òun kò lọ ní ẹgbẹ̀rún méjì, àfi mẹ́ta. Mo gbà, mo gun ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ìlọ́fà, ẹrẹ̀ gbé táyà wa mì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ká aṣọ sókè. Ọlọ́kadà ń rẹ́rìn-ín. "Tísà, ẹ̀yin náà ṣì ń lọ kọ́wèé?" Mo nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi, mo tún gun ọ̀kadà.

Dúpẹ́ ni orúkọ ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ náà. Inú kíláàsì mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ẹni tó bá sì ti lọ sí Ìlọrin ni yóò máa dá àwọn olùkọ́ ìṣirò agbègbè wa lẹ́kọ̀ọ́, ipò tí mo ti ń lé láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní yunifásítì.

Mo bá a ní Òsi níwájú àwọn olùkọ́ tó wá láti Kòró àti Ìdọ̀fin, tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára nǹkan yẹn. Ó gé iṣu sí mẹ́rin, ó ní orí iṣu àti ìdí rẹ̀ kò tóbi dọ́gba, nítorí náà a kò lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú kíláàsì mi ni iṣu yẹn ti hù!

Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í lọ láìjẹ iyán. Níbí, míìtì-páì kan péré ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ti Dúpẹ́ jẹ́ méjì.

Ó wá kúnlẹ̀ kí mi. "Aǹtí, mo sọ fún wọn ní Ìlọrin pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ iṣu yìí o. Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ò wá fúnra yín."

"Kí lo wá wí?"

"Mo ní ọ̀gá ilé ìwé ò lè yọ̀ǹda yín. Ọ̀gá ní ta ni yóò bá yín di ìwé kẹfà mú."

Ó fún mi ní míìtì-páì rẹ̀ kan. Ó korò lẹ́nu mi. Ká ní ó jí ẹ̀kọ́ náà ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo padà wọ Odò-Ọwá. Ohun tí mo kọ́ lọ́nà ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ni wọ́n ń so mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń lọ sí Ìlọrin? Ìgbà wo ni yóò kàn mí? Àbí àwọn ọmọ ìwé kẹfà ní láti fìdí rẹmi kí ẹ tó gbà pé èmi náà lè lọ?