Agolo Orí Fíríìjì Màmá

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lórí kápẹ́ẹ̀tì kọ́rídọ̀ ilé wa ní Malton, ní Kánádà, pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́rùn, tí yìnyín ṣì ń yọ́ lára bàtà rẹ̀, ọkùnrin náà na gbogbo ara sílẹ̀ níwájú màmá tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, mà. Ẹ kú ilé."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo dúró lẹ́yìn màmá pẹ̀lú àwo ẹ̀wà lọ́wọ́. Inú wọn dùn débi pé omi lé ròrò lójú wọn. Ìgbà wo lẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ fún wọn báyẹn kẹ́yìn nílùú yìí?

"Dìde, ọmọ mi. Wàá pẹ́ láyé. Wọlé wá jẹun."

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá da ẹ̀wà náà lé e lẹ́yìn.

Màmá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Ìyá mi máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó láti ọ̀sán, torí náà ọ̀dọ̀ màmá ni mo máa ń wà tí iléèwé bá parí. Iṣẹ́ àárọ̀ ni tiwọn, nílé iṣẹ́ kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń gé adìyẹ nínú yàrá tó tutù bí inú fíríìjì. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á bu omi gbígbóná sínú abọ́, wọ́n á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, wọ́n á mí kanlẹ̀. Ìka wọn ò ká dáadáa mọ́. Èmi ni mo máa ń bá wọn ṣí ìgò àdí tí wọ́n fi ń para, òórùn àdí yẹn àti ti àlùbọ́sà ló máa ń gba ilé kan. Bàálù á fò kọjá lókè, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n, wọn ò tiẹ̀ ní gbójú sókè.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè níbi iṣẹ́ ò ju ìbọ̀wọ́ tó nípọn lọ, àti ààyè díẹ̀ láti fi yáná. Wọn ò rí i gbà. Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kiri pé káwọn èèyàn fọwọ́ sí i, ọmọ Nàìjíríà, ará Íńdíà, ará Fílípíìnì. Tó bá ti pọ̀ tó, wọ́n á lè ní union tiwọn. Inú agolo bisikíìtì kan lórí fíríìjì ni wọ́n ń kó ìwé náà sí.

Àyà gbogbo èèyàn wá ń já. Àwọn ọ̀gá lẹ bébà mọ́ ògiri pé àwọn kan tó ti òkèèrè wá fẹ́ dá rúgúdù sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ni. Ìyá mi alára ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àlejò ni wá níbí. Ìwé ìgbélùú yín ò tíì jáde. Wọ́n á ní kọ́múníìsì ni yín, wọ́n á dá yín padà."

Màmá ò yọ ọwọ́ kúrò nínú omi. "Àlejò tó ti ń gé adìyẹ fún onílé láti ọdún mẹ́fà? Nílé bàbá mi, tí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, ó máa bẹ ọ̀wẹ̀ ni, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ á kó ọkọ́ wá. Ṣé kọ́múníìsì ni bàbá mi?"

Ìyá mi kàn bu omi gbígbóná kún ti inú abọ́ náà.

Súpáfáísọ̀ nílé iṣẹ́ màmá ni ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ yẹn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ dòdò, ó ní ó jọ ti ìyá òun. Ó wá ní òun náà fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ òun fẹ́ mọ àwọn tó ti fọwọ́ sí i, kí òun má baà dá wà. Màmá fúnra wọn ló gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀. Ta ló ń fura sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyà lélẹ̀ níwájú ẹ̀? Ó ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí, ó ń jẹun lọ. Nígbà tó kan àtifọwọ́ sí i, ó ní òun ò mú gíláàsì ojú òun wá.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé èèyàn márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ màmá ló ṣáájú. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Amí pọ̀ láyé, mo mọ̀. Àmọ́ kéèyàn mú ohun tí ìyá ẹ̀ kọ́ ọ láti fi bọ̀wọ̀ fágbà, kó wá fi já ilé àgbà, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn.

Ní Sátidé, màmá fà mí lọ́wọ́, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brampton, sílé àwọn mẹ́rin tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwájú ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n lè bí lọ́mọ, màmá kúnlẹ̀. Mo gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe dún.

"Èmi ni mo fi yín hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń fà wọ́n. "Ẹ dìde mà. Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Wọn ò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti fa ìwé ẹ̀sùn yọ nínú báàgì. "Mo fẹ́ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Orúkọ mi ló wà lókè. Tó bá wù ẹ́, fi tìẹ sí i."

Mẹ́ta nínú mẹ́rin fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ náà pẹ́, wọn ò sì gba màmá padà. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń pe màmá ní ọlọ̀tẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Èmi náà ti wà ní wíáháùsì kan ní Brampton báyìí, ìka tèmi náà ti ń le. Bébà kan náà ló wà lára ògiri wa, wọ́n kàn pààrọ̀ gírámà ẹ̀ ni. Mo ní agolo bisikíìtì lórí fíríìjì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń súre fún wọn, mo sì máa ń fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n bá wá sílé. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, ìwé tí ò sí orúkọ kankan lórí ẹ̀ ni mo ń gbé fún un, èmi fúnra mi ni mo sì ń fún un ní bírò.