Amí Tí Kò Ṣe Ojúsàájú

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Adájọ́. Kì í ṣe pé ó ga, kì í sì í pariwo. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ibi àga tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín búrẹ́dì níwájú rẹ̀, tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi tún un pín. Ó ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sun tíṣà rí pé òun pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ tíṣà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Wọ́n máa ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ilé ìwé wọn dá ikọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn amí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ amí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Àwọn tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì ló ni àtẹ́wọ́. Amí á jókòó sórí àga òkè láti àárọ̀, ìdí á máa ro ó, á tẹjú mọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ilé ìwé ẹlòmíràn, á máa ka ohun tó ń ṣe. Ohun tó fà á ni pé rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́ta ló máa ń wà lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, gbogbo wọn á máa ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀, wọ́n á máa jù ú sínú agbọ̀n gíga. Ìbò ló ń pinnu àwọn tó máa jọ wà lápá kan. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣe láàárọ̀ lè dojú ìjà kọ yín lọ́sàn-án. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ikọ̀ mẹ́jọ tó síwájú tó fẹnu ara wọn yan àwọn tí wọ́n fẹ́ bá lọ sí àṣekágbá. Ẹni tí wọn kò bá yàn, ilé yá nìyẹn.

Òfin méjì ni Adájọ́ ṣe fún àwọn amí rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù tó bá wọ agbọ̀n nìkan ni kí wọ́n máa kà. Lọ́dún tó kọjá, amí kan ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé ikọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ga, pé ọwọ́ wọn yá, pé wọ́n láyà, wọ́n sì yàn wọ́n tán, rọ́bọ́ọ̀tì ọ̀hún kú síbi tó dúró sí. Adájọ́ ní àwọn ò ní gbọ́ ìtàn mọ́. Ó tún ní amí tó bá ní ìbátan nínú ikọ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣọ́ ikọ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Gbogbo wọn gbà pé òfin tó dáa ni, ó sì dáa lóòótọ́.

Àmọ́ Adájọ́ ní ẹ̀gbọ́n. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n ń sùn títí ìjà àwọn òbí fi pín wọn bí ẹni pín ẹrù: bàbá mú ẹ̀gbọ́n, ìyá mú àbúrò. Bàbá kó lọ sílùú mìíràn, ó sì kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé kò gbọdọ̀ tẹ ilé ìyá rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyá ti fojú kan ọmọ rẹ̀. Ní báyìí, bàbá ti ríṣẹ́ sókè òkun, òun àti ẹ̀gbọ́n sì máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n máa padà.

Ọpẹ́ ni pé ilé ìwé ẹ̀gbọ́n náà wá sí ìdíje yìí, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sì ń darí rọ́bọ́ọ̀tì wọn. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó dìde dúró. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í tú wọn sílẹ̀ ní Sátidé àfi bó bá di ọ̀sán.

"Bí wọ́n bá ti tú wa sílẹ̀, mo ti ń bọ̀ nìyẹn," ó sọ fún Adájọ́. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀ títí mo fi máa dé."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí àbúrò láàárín àwọn tábìlì tí wọ́n ti ń tún rọ́bọ́ọ̀tì ṣe. Ó fi ọwọ́ tí gíríìsì kún gbá a mọ́ra, ó ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́.

"Ṣé Màámi máa wá?"

"Wọ́n máa wá, Àǹtí mi. Lọ́sàn-án ọ̀la ni."

"Á jẹ́ pé mi ò gbọdọ̀ tètè relé nìyẹn. Bó bá kàn yín láti yàn, ẹ rántí wa o."

"Èmi kọ́ ni mo ń yàn."

"Mo ti gbọ́. Wọ́n ní Adájọ́ ni ọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbò kó ikọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sápá kan náà. Adájọ́ gbé ṣíṣọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún amí tó kéré jù, òun sì mú òmíràn gẹ́gẹ́ bí òfin. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà fún un. Wọn kò tíì pẹ́ lórí pápá tí rọ́bọ́ọ̀tì ikọ̀ tirẹ̀ fi gun orí bọ́ọ̀lù kan, táyà rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́, ó wá ń yí lásán. Olórí ikọ̀ wọn, ọmọkùnrin tó ń darí rẹ̀, tẹ bọ́tìnì títí, pàbó ló já sí. Ni rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀gbọ́n bá fi bọ́ọ̀lù tó fẹ́ ṣa sílẹ̀. Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìn wọn lọ, ó tì wọ́n, ó tún wọn tì, títí táyà fi kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ó lọ dábùú ọ̀nà àwọn alátakò, ó dúró gbagidi, wọ́n ń kọlù ú lọ́tùn-ún lósì, kò yẹ̀ títí fèrè fi dún. Ikọ̀ Adájọ́ rí àyè ju bọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n, wọ́n borí, ìborí yẹn ló sì gbé wọn wọ àárín àwọn mẹ́jọ.

Olórí ikọ̀ gun òkè wá bá wọn, ó ń fẹ̀ bí ẹyẹ ọ̀kín. "Ṣé ẹ rí bí mo ṣe fi rífáàsì yọ ọ́?" Kò parọ́ o. Níbi tó dúró sí, rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀ ló bo ti ẹ̀yìn mọ́ ọn lójú. Amí kékeré náà kò parọ́: agbọ̀n nìkan ló tẹjú mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin, bọ́ọ̀lù kankan kò tọwọ́ ikọ̀ ẹ̀gbọ́n wọ agbọ̀n, òdo ló kọ.

Nígbà tó yá, wọ́n kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ̀ngàn láti mọ àwọn tí wọ́n máa yàn.

"Ikọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Adájọ́ ń darí ńkọ́?" olórí ikọ̀ béèrè. "Lánàá, wọ́n gbówọ́. Èmi ì bá fẹ́ wọn."

"Òdo ni láàárọ̀ yìí," amí kékeré dáhùn. "Wọ́n kàn dúró sójú kan ni. Bóyá mọ́tò wọn ti jóná."

"Èmi ò tiẹ̀ rí wọn." Olórí ikọ̀ kọjú sí Adájọ́. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: àwọn ló tì wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń wo aago lára ògiri, ìrántí yìí gan-an ló sì dí i lẹ́nu. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó bi ara rẹ̀, ṣé nítorí ohun tí mo rí ni, àbí nítorí Màámi? Kò mọ èyí tó jẹ́. Ó wo ojú àwọn amí rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn rẹ̀, pé Adájọ́ náà ti gbè sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọmọ yìí. Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí pé ọwọ́ náà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. "Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ lé wọn lórí."

"Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ nìyẹn." Olórí ikọ̀ fọwọ́ gbá a léjìká, wọ́n bọ́ sórí ikọ̀ mìíràn. Inú Adájọ́ sì dùn sí ìyìn yẹn. Inú dídùn yẹn ló wá ń dùn ún jù lọ lẹ́yìn náà.

Ó tu ara rẹ̀ nínú pé àwọn yòókù máa yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn amí ilé ìwé yòókù náà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n pe àwọn olórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sójú pápá, ẹ̀gbọ́n dúró sídìí irin tí wọ́n fi yí i ká, ó ń wá àbúrò rẹ̀ lórí àga òkè. Nígbà tó rí i, ó na àtàǹpàkò sí i. Olórí ikọ̀ Adájọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe ikọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó tún pe ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ títí ètò fi parí, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n.

Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni Adájọ́ ti bá a, ó ń gbé àpótí irinṣẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ilé ìwé wọn.

"Mo ti bẹ tíṣà wa," ẹ̀gbọ́n wí kí Adájọ́ tó lanu. "Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀ fún mi. Wọ́n ní awakọ̀ ò lè dúró."

"Màámi ti máa wà lọ́nà báyìí."

"Mo mọ̀." Ẹ̀gbọ́n gbé àpótí náà wọlé tán, ó nu ọwọ́. "Ṣé ìwọ náà ò rí i láàárọ̀ ni?"

"Mo rí i, Àǹtí mi."

"Wọn ò bi ọ́ ni?"

"Wọ́n bi mí." Adájọ́ wolẹ̀. "Mo ní kò yẹ kí n sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

Ì bá sàn ká ní ẹ̀gbọ́n bú u, tàbí kó gbá a létí. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Nígbà tí mo ń tì yín," ó wí, "tíṣà wa ń pariwo lẹ́yìn mi pé kí n padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún wọn? Mo ní àbúrò mi ni."

Tíṣà wọn ń pè é látinú ọkọ̀. Ó fà á mọ́ra, ó ní, "Bá mi kí Màámi," ó sì wọlé. Ọkàn Adájọ́ gbọgbẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún lójú gbogbo ayé títí bọ́ọ̀sì fi yà kúrò lójú títì.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpele tó gbẹ̀yìn nígbà tí ìyá dé. Ó ń mí gúlegúle, fọ́nrán òwú ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rá kan dání. Apá ọ̀tún pápá ló kọ́kọ́ wò, ó wá wo apá òsì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ, Màámi. Wọn ò yàn wọ́n."

"Wọn ò ṣe dáadáa ni?"

"Wọ́n ṣe dáadáa. Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀." Ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń rojọ́, bí ẹni pé èèyàn ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé. Lórí pápá, ikọ̀ Adájọ́ ń borí, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá jó.

 Ìyá fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ látinú ọ̀rá, èyí tó fúnra rẹ̀ rán láti inú àjákù aṣọ tó nípọn nílé iṣẹ́ wọn, tó fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ nítorí òtútù ibi tí ẹ̀gbọ́n ń lọ. Ó ní kí Adájọ́ dìde. Ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó fa apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ ọmọ náà.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ga tó ọ báyìí?"

"Wọ́n ga jù mí lọ, Màámi. Ọwọ́ wọn náà gùn."

Ìyá fọwọ́ tẹ́ apá jákẹ́ẹ̀tì náà, ó tún un wò.

"Á jẹ́ pé kò ní bá a mu nìyẹn," ó wí, ó sì ká a padà sínú ọ̀rá.