Ọmọ Tó Ń Tọrọ Omi Nílé Ìyá Rẹ̀

Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti di yìnyín mọ́ ara igi àti ọkọ̀, ọ̀nà ń dán bíi dígí, wọ́n sì ní kí ọmọ iléèwé kankan má jáde. Gbogbo wa wà nílé ọmọ mi ní Cedar Hill lókè òkun: èmi, òun, àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Bàbá wọn nìkan ni yìnyín há mọ́ ibi iṣẹ́ ní Coppell.

Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méjìlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé fún ọlidé ni. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé iléèwé níbẹ̀, torí ìyá ẹ̀ ní ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó padà.

Láago márùn-ún ìdájí ló máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á dúró tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ló máa dúró sí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè mu omi?"

"Sójà ti tún dé," àbúrò ẹ̀ á wí.

Inú ìyá wọn ń dùn. "Mọ́mì, ẹ ò rí i bó ṣe gbẹ̀kọ́?"

"Ta ló ń tọrọ omi nílé ìyá ẹ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà nà wá dáadáa."

Mo nà wọ́n lóòótọ́.

Níbi tí èyí ẹ̀gbọ́n ti ń fọ abọ́ láàárọ̀ yẹn, àwo kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́. Kí n tó yíjú, ó ti kúnlẹ̀, ó dijú, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú. Kò sunkún. Pàṣán ló ń dúró dè. Ìyá ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tọ́mọ ò lajú, ẹ̀rín náà gbẹ.

Mo ní kó dìde. Mo yẹ orúnkún ẹ̀ wò, mo mú ìgbálẹ̀, a jọ gbá ilẹ̀.

Mo wá sọ fún ọmọ mi pé, "Èyí ò padà mọ́."

"Bàbá ẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Mọ́mì."

"Kí bàbá ẹ̀ fi lọ kí ìyá tiẹ̀."

Ó ní òun máa rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, yìnyín yọ́. Ọmọ mi ti lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo wọ kóòtù, mo mú ìwé ọjọ́ìbí ọmọ náà, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé àdúgbò. Obìnrin inú ọ́fíìsì ní òun ò lè gbà á láìsí òbí. Ọmọ náà ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo ní kó sọ fún un pé kó pe ìyá ẹ̀, a ó dúró. A jókòó síbẹ̀ títí ọmọ mi fi wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tó ń kùn, tó sì buwọ́ lùwé ìgbaniwọlé.