Òkè Tí A Ti Gbàdúrà Lé Lórí

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ìlú wa gun àpáta lọ gbàdúrà fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò tíì dé. Àlùfáà Áńgílíkà, fadá àti pásítọ̀ jọ ya ibẹ̀ sí mímọ́, ohun tí wọn kò jọ ṣe rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì wálé ni. Nítorí pé mo ti lọ sí yunifásítì láyé ọjọ́un, èmi ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ ìlú lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ri òpó náà, mo sì ń yan kiri bí ẹni tí iṣẹ́ ti parí fún.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló ká mi lára jù. Bí aboyún bá ń rọbí tí wàhálà sì dé, àfi kí nọ́ọ̀sì sáré gun àpáta yẹn kí ó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pe ọkọ̀ láti Ìdó.

Kò pẹ́ tí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà padà wá. Ó ní àwọn tó ń rí sí ààbò bàálù kò fọwọ́ sí i, nítorí pé òkè wa bọ́ sí ọ̀nà tí bàálù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú. Kíkun òpó náà ní pupa àti gbígbé iná sórí rẹ̀ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fún wọn nílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá ilé-ìwé, wọn yóò gbà.

Mo gbé e dé iwájú olóyè tó ni òkè.

"Òpó tiwa kò ga ju ti àwọn ará ìlú kejì," ó ní. "Kí ló dé tí wọ́n fi gba tiwọn?"

"Bàbá, wọ́n ń ka gíga òkè mọ́ ọn. Láti ojú òkun ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n."

"Òkun?" Ó yíjú sí àwọn àgbà yòókù. "Ẹ bá mi wo akọ̀wé wa. Níbo lòkun wà l'Ékìtì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo fi igi ya òkè, òpó àti bàálù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olóyè ní bàálù mi jọ adìyẹ tó ń sàba.

"Àdúrà tí a ti gbà sókè ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé inú apẹ̀rẹ̀ la ó kó o sí wá sílẹ̀? Máa lọ ulé rẹ, ọmọ mi. Òkè la fún wọn, òkè náà ni wọn ó gbà."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà lọ́jà o, orí ọmọ ni wọn ò wò. Ó sú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n bá tiwọn lọ. Òpó ìlú kejì nìkan ló ṣì wà nítòsí, òkè wa yìí kan náà ló sì dínà mọ́ ọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Olóyè ti kú báyìí. Orúnkún mi ń dùn mí, síbẹ̀ mo ṣì ń gun òkè lọ pe àwọn ọmọ mi lẹ́yìn ìsìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì sáré bá mi lókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún. Orí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà gan-an lẹ dúró lé."

Mo sún. Bó ti ń pariwo "Hẹ̀lóò! Hẹ̀lóò!", bàálù kan ń sọ̀ bọ̀ lórí wa, mo rí táyà rẹ̀ kedere. Ariwo rẹ̀ bo ohùn nọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì dúró, à ń retí kí ó kọjá.