Àlọ́ Ọ̀sán

Títí di òní, òórùn kánfọ̀ máa ń fu mí lára. Lánàá, ọmọ mi fa ìwé ìtàn kan yọ nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, òórùn náà sì gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkòtún.

Oòrùn ṣì ń ta nígbà tí Ìyá àgbà ní kí n wá gbọ́ àlọ́. Ìyá àgbà kan náà tó máa ń ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án! Àǹtí kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó tì wá, ó ń mu mínírà. Ìyá mi wà ní yàrá, ó ti ṣí àpótí, òórùn kánfọ̀ gba gbogbo ilé. Kérésìmesì kọ́, a ò sì ní ìnáwó kankan.

Mo mọ àlọ́ náà dáadáa. Ọmọbìnrin kan sọnù sínú igbó, ìyá rẹ̀ fi orin wá a kiri títí ó fi rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà dé ilé obìnrin aláàánú kan, tó ń fún un ní búrẹ́dì láràárọ̀, tó sì fi í sílé ìwé. Àǹtí náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

"Ìyá àgbà, ṣé ọmọ náà padà sílé?"

"Ìwọ ṣáà máa gberin, jàre."

Mi ò gberin. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, kò sì wo tèmi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún mi pé àǹtí náà ló máa mú mi lọ.

Ìyá mi gbé báàgì jáde. Apá aṣọ ọjọ́ Ìsinmi mi yọ lẹ́nu síìpù.