Omi Dígí Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

“A kò gbọdọ̀ fi omi dígí pamọ́ síbí.” Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù láàbù wa nìyẹn, lápá inú. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ga tó ìka mi méjì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń rí i láràárọ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá yìí, àwọn tó ń kun ilé wá, wọ́n fi ọ̀dà funfun bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tí mo bá ilẹ̀kùn náà ní funfun báláú, àyà mi já. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú láàbù kẹ́mísírì ilé-ẹ̀kọ́ kan nísàlẹ̀ òkè Mápó: kí n fọ ìgò, kí n wọn èròjà, kí n pò wọ́n kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bàbá Làsísì ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, òun ni gbogbo ọmọ ń pè ní Bàbá Láàbù. Ojú òsì rẹ̀ kì í yí. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n mi ò lè bi í. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú ọ̀tún á máa tẹ̀lé ọwọ́ mi, tòsì á dúró sójú kan, bíi pé ẹlòmíràn ló ń wò lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ yẹn, ó to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin síwájú mi. Ohun tó wà nínú gbogbo wọn mọ́ gaara.

“Ìyá Ràfíà, èwo ni omi níbẹ̀?”

“Bàbá, ṣé kì í ṣe gbogbo wọn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bó o bá mu wọ́n, wàá mọ̀.”

Ó ṣàlàyé pé èròjà kọ̀ọ̀kan ní apá kan lára rẹ̀ tó ń sọ irú ìwà tó ní. A ò lè fojú rí apá yẹn, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ohun tó yẹ wá bá a, yóò dáhùn. Ó bu ìyẹ̀fun sódà díẹ̀ sí ìgò kìíní, ó hó yeeyee: ásíìdì wà níbẹ̀, bíi ti fínígà. Ó kán omi búròmáìnì tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí èkejì, ó mì ín, àwọ̀ náà pòórá bíi pé ẹnì kan gbé e mì: ìdè méjì ló so kábọ́ọ̀nù kan mọ́ èkejì nínú ìyẹn. Ìkẹrin kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òun ni omi.

Ìkẹta ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Bàbá po iyọ̀ fàdákà mọ́ omi, ó kán sódà líle díẹ̀ sí i, ó di ẹrọ̀fọ̀, ó wá ń kán ámóníà sí i títí ó fi tún mọ́. Omi dígí nìyẹn. Ó bu díẹ̀ sí ìgò kẹta, ó gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, inú ìgò ṣú díẹ̀, dígí sì jáde lára rẹ̀, tó ń dán gbinrin. Irú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní alidiháìdì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú ara mi níbẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú òsì Bàbá sì wà lẹ́yìn èjìká mi.

Iyọ̀ fàdákà yẹn máa ń sọ ìka di dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn obìnrin ilé wa ní Bẹyẹrúnkà á ní, “Ìyá Ràfíà, ìyàwó ta lẹ fẹ́ lọ gbé tẹ́ ẹ fi lé làálì?”

Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ pé iwin wà ní láàbù, pé tí èèyàn bá kọjá níbẹ̀ nígbà ìsinmi, á máa gbọ́ èékánná lára ìgò. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tó yá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà ọyẹ́, omi dígí tí mo pò ṣẹ́kù, ó tó ìlàjì ìgò bíkà. Bàbá ti lọ kírun. Mo mọ ohun tó wà lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé bí ọbẹ̀ ṣe ń kan ló máa ń kan, pé tó bá bàjẹ́ kí Mọ́ńdè tó dé, màá dà á nù. Ta ló ń da ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù nù nílé wa? Mo fi bébà bò ó, mo kọ wákàtí tí mo pò ó sí i lára, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé e sí pẹpẹ kejì, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kùrukùru bo gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè débi pé a ò rí òpó rẹ̀ kankan. Ràfíà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ilé-ẹ̀kọ́ wa náà ló ń lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láti Oríta-mẹ́rin.

“Mọ́mì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò wá o.”

“Kí wọ́n máa wò.”

A wọ láàbù. Mo ń ṣí fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

“Mọ́mì, ta lẹ tì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù?”

“Ta ni mo fẹ́ tì mọ́bẹ̀?”

“Ó ń fi èékánná ha ìgò.”

Èmi náà gbọ́ ọ. Tín. Ó dákẹ́. Tín, tín. Ọwọ́ ọmọ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

“Ràfíà.” Bàbá Láàbù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. “Fi í sílẹ̀. Má fà á, má tì í. Máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Bàbá, ṣé iwin ni?”

“Máa bọ̀, ìyàwó mi.”

Ìṣísẹ̀ méje ni. Mo kà á. Bàbá kó wa jáde sẹ́yìn ògiri.

“Ìyá Ràfíà, kí lo gbé síbẹ̀?”

“Omi dígí, Bàbá. Ti Jímọ̀.”

Ó gbé ọwọ́ lérí. Kò tíì gbé e kúrò tí nǹkan fi dún gbàù nínú láàbù. Lẹ́yìn náà la ń gbọ́ àfọ́kù ìgò tó ń já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó gbà wá láyè láti wọlé, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń fì dọ̀lọ̀dọ̀lọ̀. Àfọ́kù ìgò gún un káàkiri láàárín àwọn lẹ́tà pupa. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ibi tó pọ̀ sí jù jẹ́ gíga ojú ọmọ mi gan-an.

Bàbá fi èékánná kan ojú òsì rẹ̀. Tín.

“Èmi ni mo kọ ìkìlọ̀ yẹn,” ló wí. “Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi omi dígí pamọ́ síbẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, Bàbá?”

Ó ń ṣa àfọ́kù ìgò nílẹ̀. “Ojú ń tì mí ni.”

Omi dígí tó bá dúró pẹ́ máa ń sọ ohun dúdú kan sílẹ̀ tó lè bú gbàù bí wọ́n bá fara kàn án díẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fara kàn án. Wóró rẹ̀ kéékèèké tó ń bú la gbọ́ tó ń dún tín, tín lára ìgò yẹn. Ìwọ̀nba tí a máa lò nìkan la gbọdọ̀ pò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kíá ni ká bu ásíìdì tí a ti fi omi là sí i, ká fi omi púpọ̀ ṣàn án lọ, kí a tó kúrò nídìí tábìlì.

Bàbá ti kú. Ràfíà ti di olùkọ́ kẹ́mísírì nítòsí Pópó Yemọja, bí wọ́n bá sì ti ṣe omi dígí, mo máa ń pè é.

“Ṣé o ti dà á nù?”

“Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bu ásíìdì sí i, mo ti dà á nù.”

“Aago mélòó?”

“Mọ́mì!” Ṣùgbọ́n ó máa ń dá mi lóhùn. “Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Mo ti fi ọ̀dà pupa tún ìkìlọ̀ náà kọ sára ilẹ̀kùn funfun yẹn, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ láàbù wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka àwọn ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri àti ilẹ̀kùn yín. Èyí tí kò bá ní ìdí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i.